Ọjọ́ Orí Òkúta: Àgbéyẹ̀wò Bí Àwọn Onímọ̀ Ilẹ̀ Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n

Láàárín àwa ọmọ Yorùbá, kò sí ohun tí à ń tètè wádìí nígbà tí ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn rí bá pàdé ju pé ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò, nítorí pé ìkíni àti ìjókòó, ẹni tí yóò kọ́kọ́ bu òkèlè àti ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dúró lórí ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà láyé àtijọ́, tí wọ́n mọ ẹni tó ṣáájú wọn àti ẹni tí wọ́n ṣáájú nínú agboolé láìku ẹnìkan, ni kò lè sọ iye ọdún tí wọ́n ti lò láyé, bí kò ṣe kí wọ́n ní ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí a bí àwọn, tàbí pé ọmọ ọwọ́ ni àwọn nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 jà. Ìmọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí. Mímọ ẹni tó ṣáájú ni ọ̀kan, mímọ iye ọdún sì ni èkejì. Kí ẹni tó bá fẹ́ lóye bí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ń sọ pé àpáta kan ti lo 600 mílíọ̀nù ọdún fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń tọ̀, èyí èkíní sì fi ohun tó lé ní 200 ọdún ṣáájú èkejì dé ayé.

Orí ẹja ni èkíní ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1666, àwọn apẹja mú àkurákudà ńlá kan nítòsí Livorno ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Nicolas Steno, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ní Florence lábẹ́ ẹni tó ń ṣàkóso ibẹ̀, pé kí ó là á wò. Bí Steno ti ń wo eyín ẹja yìí, ó rí i pé wọn kò yàtọ̀ sí àwọn òkúta ṣóńṣó kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń hú lára òkè, èyí tí àwọn kan ń sọ pé ojú ọ̀run ni wọ́n ti já bọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú ti ń wí nípa ẹdùn àrá tí àgbẹ̀ máa ń fi ọkọ́ hú jáde lóko. Kí ni eyín ẹja òkun wá ń ṣe nínú òkúta lórí òkè? Ìdáhùn tí Steno tẹ̀ jáde nínú ìwé pẹlẹbẹ kan ní ọdún 1669 ni pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni òkúta náà nígbà kan rí, pé ìpele lórí ìpele ni ẹrẹ̀ ń sùn sí, àti pé nígbà tí ìpele ìsàlẹ̀ ń dì, omi nìkan ló wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, níbi tí nǹkan kò bá ti dojú rú, ẹni ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè sọ ni, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, kò sí onímọ̀ ilẹ̀ tó lè gbé ẹsẹ̀ kan láìsí i.

Ayé kì í sì í fi nǹkan sílẹ̀ bí ó ti tò ó. Ní 1788, James Hutton, ará Scotland, bá ọkọ̀ ojú omi lọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, John Playfair àti James Hall, sí etí òkun kan tí wọ́n ń pè ní Siccar Point, wọ́n sì bá ìpele òkúta níbẹ̀ tó dúró ṣánṣán, tí ìpele òkúta pupa mìíràn sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Èyí fi hàn pé ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ ti sùn, ó ti di òkúta, agbára abẹ́ ilẹ̀ ti gbé e nàró, òjò àti ìgbì ti gé e lórí, kí ẹrẹ̀ kejì tó wá bò ó mọ́lẹ̀, kí òun náà tó di òkúta, kí gbogbo rẹ̀ tó tún gòkè wá síbi tí ojú ènìyàn ti rí i. Hutton kò ní nọ́ńbà kankan láti fi sí i. Ohun tó dá a lójú ni pé ìṣirò Bíṣọ́ọ̀bù àgbà James Ussher ti ilẹ̀ Ireland, ẹni tó ti fi ọdún 4004 kí a tó bí Kristi ṣe ọdún tí a dá ayé, kò lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé àlàfo àárín òkúta méjèèjì yìí nìkan ju 50 mílíọ̀nù ọdún lọ.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Smith, ló wá mú fọ́sìlì wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ìkarahun, egungun àti ewé àtijọ́ tó ti di òkúta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń gbẹ́ ipa odò tí ọkọ̀ yóò máa gbà kó èédú, bí wọ́n sì ti ń gbẹ́lẹ̀ lọ láti abúlé dé abúlé, ó ṣàkíyèsí pé ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìkarahun tirẹ̀ tí kì í sí nínú ìpele mìíràn, tó fi jẹ́ pé bí a bá gbé òkúta méjì tí àwọ̀ wọn bára mu síwájú rẹ̀, inú wọn ni yóò yẹ̀ wò kí ó tó sọ ibi tí èwo ti wá. Ní 1815 ó tẹ àwòrán ilẹ̀ England àti Wales àti apá kan Scotland jáde, iṣẹ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kó jọ. Ní 1819 wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n nítorí gbèsè. Ayé ti pẹ́ tó ti ń san oore fún ọlọ́gbọ́n báyìí.

Mo ní ìdí tí mo fi dárúkọ ọdún 1815. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀sùn kan àwọn onímọ̀ ilẹ̀ pé òkúta ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí fọ́sìlì, pé fọ́sìlì kan náà ni wọ́n sì tún ń yí padà fi mọ ọjọ́ orí òkúta, bí ẹni tó ń yí ká igi kan ṣoṣo nínú igbó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ ìbá ti parí. Ṣùgbọ́n bí fọ́sìlì ti ṣe tò tẹ̀ léra wọn, inú kòtò àti ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ti fi ojú lásán rí i, 44 ọdún kí Charles Darwin tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1859, Smith kò sì ní àbá kankan nípa bí ohun ẹlẹ́mìí ti ń yí padà tí ì bá fẹ́ gbè lẹ́yìn. Nọ́ńbà tí a wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìpele wọ̀nyí lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ ohun mìíràn pátápátá ló ti wá, ogun tí wọ́n sì jà kí ó tó dé kò kéré.

Balógun ogun náà ni William Thomson, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ oyè Lord Kelvin, tí kò sí ẹni tó tó o nínú ìmọ̀ ooru ní ìgbà ayé rẹ̀. Ó ní iná ni ayé níbẹ̀rẹ̀, ó ń tutù bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a bá sì mọ bí ooru ti ń pọ̀ sí i tó bí a ti ń gbẹ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀, a ó lè ṣírò ìgbà tó ti ń tutù bọ̀. Ní 1862 ó ní iye náà wà láàárín 20 mílíọ̀nù sí 400 mílíọ̀nù ọdún. Ní 1897 ó ti fà á wálẹ̀ sí àárín 20 sí 40. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń ráhùn, nítorí ẹrẹ̀ tí wọ́n ń wò lójoojúmọ́ kò lè sùn tán láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àgbà ọ̀jẹ̀ jà nípa ìṣirò? John Perry, tó ti bá Kelvin ṣiṣẹ́ rí, nìkan ló tọ́ka sí i ní 1895 pé bí ooru bá ń rìn geere nínú ikùn ayé ju bí ọ̀gá òun ti rò lọ, iye ọdún náà yóò fò sókè gan-an. Ìṣirò Kelvin mọ́ tónítóní. Ohun tó gbà láìwádìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ló ṣì í lọ́nà, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ìgbà tiwa ni irú rẹ̀ ń ṣe.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní 1896, Henri Becquerel ní Paris rí i pé uranium ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tó sì di 1902, Ernest Rutherford àti Frederick Soddy ti fi hàn pé átọ́ọ̀mù irú ohun bẹ́ẹ̀ ń yí padà di ohun mìíràn, ní ìwọ̀n tí iná kò lè mú yára, tí òtútù kò sì lè dá dúró. Bí 1,000 átọ́ọ̀mù uranium tó wọ́pọ̀ jù bá wà lónìí, 500 ni yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn nǹkan bí 4,470 mílíọ̀nù ọdún. Bí iye ọdún kan náà bá tún kọjá, yóò ku 250. Èyí tó bá sì ti lọ, òjé ló ń dà nígbẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Òjé ni àkísà uranium. Ẹni tó bá ka iye aṣọ tó kù mọ́ iye àkísà tó ti kó jọ yóò mọ ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Ní 1907, Bertram Boltwood ní yunifásítì Yale ṣe bẹ́ẹ̀ fún oríṣiríṣi òkúta, ó sì rí iye tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dé 2,200 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tó di 1911, Arthur Holmes, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 ní London, gba ọ̀nà kan náà fún òkúta kan láti ilẹ̀ Norway, tí ipò rẹ̀ láàárín àwọn ìpele sọ pé ó jẹ́ ti ìgbà tí a ń pè ní Devonian, ó sì rí 370 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ẹ̀rọ ti di àrà, a ń sọ pé Devonian bẹ̀rẹ̀ ní 419 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó sì parí ní 359: nọ́ńbà ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò tíì jáde kúrò nínú ilé tó fi í sí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ wo bí iṣẹ́ yìí ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é lónìí. Wọ́n á fi òòlù fọ́ àpáta, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí iyanrìn, wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á fi òòfà fa èyí tó ní irin nínú kúrò, wọ́n á wá da ìyókù sínú omi kan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí hóró tó fúyẹ́ ń léfòó lórí rẹ̀, tí èyí tó wúwo ń rì. Lára èyí tó rì ni hóró kan wà tí à ń pè ní zircon, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá milimítà lọ. Ẹnìkan á wá jókòó ti ẹ̀rọ amúǹkantóbi, á fi abẹ́rẹ́ ṣa àwọn tí kò sán lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí ń mú ẹ̀yìn ro ènìyàn. Ìdí tí wọ́n fi ń wá a báyìí ni pé nígbà tí zircon ń dì nínú òkúta yíyọ́, ó máa ń gba uranium mọ́ra, ṣùgbọ́n ó kọ òjé délẹ̀délẹ̀. Nítorí náà, òjé tí a bá bá nínú rẹ̀ lónìí, inú ilé ni wọ́n bí i sí. Ohun tó tún dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé uranium méjì ló wà nínú hóró kan náà, ọ̀kan ń dín sí ìdajì ní 4,470 mílíọ̀nù ọdún, èkejì ní 704 mílíọ̀nù, olúkúlùkù sì ń bí irú òjé tirẹ̀. Bí hóró náà bá ti fàya, tí òjé ti jò jáde, iye ọdún tí méjèèjì yóò sọ kò ní bára mu, nípa bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti fara pa. Hóró zircon kan láti Jack Hills ní Australia, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2001, ti lo nǹkan bí 4,400 mílíọ̀nù ọdún, ó sì dàgbà ju òkúta tí wọ́n ti yọ ọ́ lọ fíìfíì.

Ayé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí òkúta ọjọ́ àkọ́kọ́ kankan tó ṣẹ́kù, nítorí ayé ti yọ́ wọn, ó ti lọ̀ wọ́n, ó ti tún wọn mọ. Clair Patterson, ọmọ Amẹ́ríkà, yà sọ́dọ̀ òkúta tó ti ojú sánmà já sílẹ̀ ní Canyon Diablo ní Arizona, tó jẹ́ ọmọ ìyá ayé ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tún mọ, ó sì kéde ní 1956 pé 4,550 mílíọ̀nù ọdún ni ọjọ́ orí ayé. Ohun tó fún un ní ìyọnu jù nínú iṣẹ́ náà ni pé ibi gbogbo ni òjé wà, nínú eruku, lórí tábìlì, lára aṣọ, tó fi ní láti kọ́ yàrá tó mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òjé inú pẹtiróòlù ti ba afẹ́fẹ́ ayé jẹ́, ó sì bá àwọn oníṣòwò rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Fún fọ́sìlì, ọ̀ràn náà gba ọgbọ́n mìíràn, nítorí egungun tó ti di òkúta kì í sábà ní aago tirẹ̀ nínú. Òkúta iyanrìn tó bò ó kò sì ṣe é fọkàn tán: zircon inú rẹ̀ ti dàgbà lára òkè mìíràn kí odò tó gbé e wá, ó sì lè sọ pé iyanrìn náà kò lè dàgbà ju òun lọ, àmọ́ kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀. Eérú òkè oníná ni ó máa ń kó àwọn onímọ̀ ilẹ̀ yọ. Bí eérú bá sùn sísàlẹ̀ egungun, tí òmíràn sì bò ó lórí, ọjọ́ orí egungun há sáàárín méjèèjì. Nínú eérú yìí ni potassium wà, irú rẹ̀ kan ń yí padà di gáàsì argon, ó ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí 1,250 mílíọ̀nù ọdún. Iná òkè a máa lé argon àtijọ́ jáde, a sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà rí i ní 1961 pé agbárí àtijọ́ tó jọ ti ènìyàn, tí awalẹ̀pìtàn Mary Leakey rí ní Olduvai ní ìlà oòrùn Áfíríkà ní 1959, ti lo nǹkan bí 1,750,000 ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lanu.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, kò sì síbi tí òwe yìí ti ṣẹ tó etí adágún Turkana ní ilẹ̀ Kenya. Ní 1969, Kay Behrensmeyer, akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, rí ohun èlò òkúta àtijọ́ nínú ìpele eérú kan ní Koobi Fora, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe eérú náà ní KBS. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó jáde ju 200 mílíọ̀nù ọdún lọ, nítorí omi ti da hóró òkúta àtijọ́ pọ̀ mọ́ eérú tuntun. Wọ́n tún un ṣà, wọ́n sì rí 2,610,000, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Lẹ́yìn ọdún méjì, Bernard Ngeneo rí agbárí kan tí ọpọlọ rẹ̀ tóbi nísàlẹ̀ eérú yìí, Richard Leakey, ọmọ Mary, tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀, sì fi iye náà kéde rẹ̀ fáyé. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ló tú àṣírí. Basil Cooke, tó mọ eyín ẹlẹ́dẹ̀ àtijọ́ bí alágbàfọ̀ ti ń mọ aṣọ oníbàárà, tọ́ka sí i pé ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ KBS kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní àfonífojì Omo ní ilẹ̀ Ethiopia, níbi tí eérú mìíràn ti sọ pé wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ọdún lọ. Wọ́n jà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ sì bà jẹ́ láàárín àwọn ọlọ́gbọ́n. Garniss Curtis wọ̀n ọ́ ní Berkeley, iye tó rí kò tó mílíọ̀nù méjì. Nígbà tó sì máa fi di nǹkan bí 1980, Ian McDougall ní Australia ti rí nǹkan bí 1,880,000, ẹlòmíràn tó gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá, tó ń ka ojú àpá tí uranium ń dá sára zircon nígbà tó bá là sí méjì, sì bá a níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ló jàre. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló mú kí n gba àwọn ènìyàn yìí gbọ́, ìtàn KBS ni n ó kọ́kọ́ sọ fún un ṣáájú ti ẹ̀rọ èyíkéyìí, nítorí pé ètò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló dá nọ́ńbà padà, nọ́ńbà tuntun tí kò mọ ẹlẹ́dẹ̀ rí sì wá gbè é lẹ́yìn.

Carbon tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ kò wúlò fún òkúta. Ìtànṣán láti ojú sánmà ló ń dá carbon 14 sínú afẹ́fẹ́, ewéko ń fà á, ẹran ń jẹ ewéko, bí wọ́n bá sì kú, wọn kò gba tuntun mọ́, èyí tó wà lára wọn a sì máa dín sí ìdajì ní nǹkan bí 5,730 ọdún. Willard Libby ló là á lẹ́sẹẹsẹ ní 1949, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1960. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí 50,000 ọdún, kò sí ohun tó kù tó tó kà. Nílé níbí, ó ti ṣe iṣẹ́ kan tó lókìkí. Ní 1965, Thurstan Shaw ti yunifásítì Ìbàdàn wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú nítòsí Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ó bá egungun ènìyàn níbẹ̀, èédú tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì sọ pé nǹkan bí 11,200 ọdún ni. Nítorí pé agbárí náà jọ ti ènìyàn ayé àtijọ́ ju bí ọjọ́ orí èédú ti sọ lọ, àwọn kan ṣiyè méjì bóyá èédú àti egungun bára wọn dé. Ní 2011 ni àwọn olùwádìí kan wá wọn uranium inú egungun fúnra rẹ̀, iye tó jáde sì wà láàárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Egungun kò jìnnà sí èédú.

Òkè Ìdànrè, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ń ki ìlú àti ọba, ń bẹ nítòsí ibẹ̀, òun sì jẹ́ ọmọ nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àpáta láti ilẹ̀ Yorùbá já sí Benin àti Togo. Bí a bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, nítòsí Accra, ọjọ́ orí àpáta fò lójijì sí 2,000 mílíọ̀nù ọdún. Patrick Hurley láti Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará yunifásítì São Paulo wà lára wọn, wo àwòrán ayé, wọ́n ní bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti so pọ̀ rí, ààlà yìí gbọ́dọ̀ gba òkun kọjá kí ó sì gòkè ní Brazil nítòsí ìlú São Luís. Wọ́n wọn àpáta ibẹ̀, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1967: ààlà náà wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nígbà tí nọ́ńbà dé, wọ́n kó fọ́sìlì sí àkísà. Láti ìgbà tí epo ti jáde ní Oloibiri ní 1956, àìlóǹkà kànga ni wọ́n ti gbẹ́ ní ẹsẹ̀ odò Ọya, ẹrẹ̀ tó sì ń gòkè láti inú wọn kò ní eérú òkè oníná tí a lè fọkàn tẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi àtijọ́ àti ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n fi ń mọ̀ bí wọ́n ti jìn tó nínú ìtàn; ní 1968, Germeraad, Hopping àti Muller to lẹ́búlẹ́bú ti Nàìjíríà, ti agbègbè Caribbean àti ti Borneo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú iṣẹ́ kan tí àwọn tó ń ṣe é ṣì ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ tí ń gbẹ́lẹ̀ kò ní ráyè dúró de yàrá zircon: yóò fọ ẹrẹ̀, yóò fi í sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, yóò wo òdòdó tó wà níbẹ̀ àti èyí tí kò sí mọ́, yóò sì sọ fún àwọn tó ń gbẹ́ ẹ bóyá wọ́n ti kọjá ìpele tí epo wà tàbí wọn kò tíì débẹ̀.